Ìyá Aláago: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Wa, Tí Wọ́n Ka Wákàtí Tí Ọ̀nà Jẹ

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1948, nínú yàrá kejì ilé olójúlé mẹ́fà kan tí ó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ ẹrù lójú ọ̀nà ńlá, ni a bí màmá wa tí à ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún lónìí. Ìdílé ẹlẹ́rù ni wọ́n ti wá. Bàbá bàbá wọn fi orí ru ẹrù láti etí omi lọ sí ìlú òkè títí irun fi tán ní àtàrí wọn. Bàbá wọn wa ọkọ̀ ẹrù, gbogbo ojú ọ̀nà sì mọ̀ wọ́n sí Jẹ́jẹ́ nítorí pé wọn kì í sáré. Ìyá wọn máa ń fi abẹ́rẹ́ gígùn kan tó tẹ̀ lẹ́nu rán àpò tó bá ya fún àwọn awakọ̀ tó ń dúró de ìwọ̀n. Màmá ni ọmọ kẹta nínú ọmọ márùn-ún. Àwọn tó ṣáájú wọn gbé ẹrù; Màmá ka ohun tí ẹrù náà ń jẹ.

Kí a tó máa bá ìtàn lọ, ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ kan fún ẹ̀yin ẹni iyì tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn. Inú ń bí wa. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ka ìwé yìí kí a tó gbé e lọ fún atẹ̀wé, ó sì fa ìlà sí ìdajì rẹ̀. Ó ní, "Òkú là ń sin, a ò lọ sílé ẹjọ́. Ẹ fi í sílẹ̀." A bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fa ìlà sí iṣẹ́ Màmá rí nígbà tí wọ́n wà láàyè, àwa ò sì ní fa ìlà sí i lẹ́ẹ̀kejì níwájú pósí wọn. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n wa fa ìlà sí ni ẹ ó kà níhìn-ín.

Ní ọdún 1957, nígbà tí Màmá pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Jẹ́jẹ́ kó àlùbọ́sà kún ọkọ̀ wá láti òkè. Ó ku ọkọ̀ méjì péré kí ó kàn wọ́n lórí ìwọ̀n ni wọ́n sọ fún wọn pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ìwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti rìnrìn àjò. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi dúró síwájú ilé ara wọn. Wọn ò lè wọlé, nítorí bí awakọ̀ bá kúrò nídìí ọkọ̀, ó ti pàdánù ààyè rẹ̀ lórí ìlà, olè sì wà. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn. Ìyàwó wọn ń gbé oúnjẹ sọdá títì, àwọn ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń juwọ́ sí bàbá wọn bí ẹni pé ó wà ní ìlú mìíràn. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ fi máa dé, omi àlùbọ́sà ti ń kán sílẹ̀ lára ọkọ̀. Olówó ọkọ̀ gba ọkọ̀ rẹ̀, Jẹ́jẹ́ ò sì wa ọkọ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ṣùgbọ́n ìwé pélébé tí wọ́n fún Jẹ́jẹ́ lórí ìwọ̀n ló dun ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà jù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ náà lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà tí taya gun orí irin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Ọjọ́ mẹ́fà tó ṣáájú kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Màmá fi ìwé náà pamọ́ sínú Bíbélì ìyá wọn, ó sì ṣì wà lọ́wọ́ wa di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Láti ọdún 1954 sí 1960 ni wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wọ ilé ẹ̀kọ́ gíràmà àwọn obìnrin ní 1962. Owó àpò rírán ni ìyá wọn fi san gbogbo rẹ̀. Orí wọn pé nínú ìṣirò ju ti ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ, ẹnu wọn ò sì dákẹ́. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ ìṣirò béèrè pé bí ọkọ̀ bá ń sáré ogójì máìlì ní wákàtí kan, wákàtí mélòó ni yóò fi rin ọgọ́fà máìlì. Gbogbo kíláàsì ní wákàtí mẹ́ta. Màmá nàka sókè, wọ́n ní, "Ọjọ́ mẹ́rin, sà, bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò bá sí nílé." Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n wà títí agogo fi dún. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ìdáhùn àwọn ló tọ̀nà, àti pé bí wọ́n bá tún bi àwọn lónìí, àwọn á tún kúnlẹ̀.

Wọ́n jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní 1971 pẹ̀lú oyè nínú ìmọ̀ ìṣirò, obìnrin kan ṣoṣo láàrin ọkùnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣírò ọrọ̀ ìlú gbà wọ́n síṣẹ́.

Ní oṣù kejì ọdún 1974 ni wọ́n gbé aago ọwọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin atúnagoṣe kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò fẹ̀ ju àpótí aṣọ lọ. Ó ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi dá aago náà dúró, tó ń sọ pé òun ń wá nǹkan kan tó kéré gan-an. Nígbà tó di ìgbà kẹfà tí wọ́n wá, Màmá wò ó lójú, wọ́n ní, "Bọ̀dá, aago yìí ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kejì, mò ń gbọ́ dídún rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ yín." Ọkùnrin náà ni bàbá wa. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kejìlá ọdún yẹn. Títí Bàbá fi jáde láyé ní 2011, Màmá máa ń sọ pé Bàbá nìkan ni ẹni tó dá àwọn dúró tí àwọn sì dárí jì.

A dé ibi iṣẹ́ báyìí. Àjà kejì ni yàrá wọn wà: tábìlì mẹ́jọ, àga méje, fáànù kan tó ń yí nígbà tó bá wù ú, àti fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Ní 1983, orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án fẹnu kò láti fi ìnáwó ẹrù wọn wéra, wọ́n sì gbé ti orílẹ̀-èdè wa lé Màmá lọ́wọ́. Ìbéèrè náà ò le. Nínú ọgọ́rùn-ún owó tí orílẹ̀-èdè kan bá pa lọ́dún, mélòó ló ń lọ sórí gbígbé ẹrù láti ibi tó wà dé ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ẹ? Epo, owó ọkọ̀, owó ilé ìkẹ́rùsí, owó àwọn tó ń já ẹrù, gbogbo rẹ̀ pátá. Orílẹ̀-èdè tí tirẹ̀ bá kéré, nǹkan á rọjú níbẹ̀. Èyí tí tirẹ̀ bá pọ̀, àwọn mẹ̀kúnnù ló ń san án láìmọ̀, nínú owó ọṣẹ, nínú owó ìwé ọmọ, nínú owó símẹ́ǹtì tí wọ́n fẹ́ fi parí ògiri.

Nígbà tí èsì àkọ́kọ́ jáde, mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwa. Mẹ́tàdínlógún ni ti aládùúgbò wa tó wà ní òdìkejì odò. Wọ́n jó nínú ọ́fíìsì. Màmá ò jó. Wọ́n mọ ọ̀nà àwọn aládùúgbò náà: ó tẹ́jú, afárá ibẹ̀ dúró ṣinṣin, awakọ̀ ibẹ̀ ń sùn nílé. Báwo ni tiwa ṣe fẹ́ dín sí tiwọn? Wọ́n kọ lẹ́tà sí obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ wọn ní òdìkejì odò, wọ́n bi í bí wọ́n ṣe ń ka àkókò lọ́dọ̀ tiwọn. Èsì rẹ̀ ò ju ìlà méjì lọ. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti tò sórí ìlà.

Àwa ńkọ́? Láti ìgbà tí akọ̀wé bá ti lu òǹtẹ̀ sórí ìwé ni. Ọkọ̀ tó bá fi ọjọ́ mẹ́rin tò sẹ́yìn géètì èbúté, tí wọ́n wá lu òǹtẹ̀ fún ní aago mẹ́wàá, tó jáde ní aago méjìlá, wákàtí méjì ni ìwé máa sọ pé ó lò. Ìwé Jẹ́jẹ́ ti ọdún 1957 kọ́ yẹn? Òun náà ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti kọjá, kò sẹ́ni tó yí i padà. Màmá lọ bá ọ̀gá ilé iṣẹ́, wọ́n ní, "Sà, apẹ̀rẹ̀ méjì là ń wọ̀n, tiwa ti jò nísàlẹ̀, a wá ń yọ̀ pé tiwa fúyẹ́." Ọ̀gá ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá.

Wọ́n mú un wá. Ọdún méjì ni wọ́n fi wá a. Gbogbo ìsinmi tí wọ́n ní ni wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ẹrù, ìrìn àjò mọ́kànlélọ́gọ́ta, láti géètì èbúté dé ìlú òkè, lórí ìjókòó tí irin rẹ̀ ti yọ síta. Bàbá ló ń tọ́jú wa nílé, ó ń fi ọwọ́ tó fi ń tún aago ṣe di irun wa, a sì ń lọ sílé ìwé bí ẹni tí ìjì jà lé lórí. Ní ọdún àkọ́kọ́, Màmá ní kí àwọn awakọ̀ tí wọn ò lè bá lọ máa rántí iye wákàtí tí wọ́n bá dúró. Àṣìṣe ńlá gbáà ni. Awakọ̀ tí inú ń bí kì í rántí wákàtí mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rin ló ń rántí. Nígbà tí Màmá rí i pé kò bára mu, wọ́n da iṣẹ́ ọdún kan nù, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ìgbà náà ò mọ ìwé kọ. Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa agolo mílíìkì òfìfo jọ. Wọ́n fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní agolo kan, pẹ̀lú aago ọwọ́ olówó pọ́ọ́kú tí Bàbá ti tún ṣe. Bí ọkọ̀ bá dúró fún wákàtí kan, kí awakọ̀ ju òkúta kan sínú agolo. Bí taya bá ń yí, kò gbọdọ̀ sí òkúta. Bí ó bá dé, kí ó da òkúta sílẹ̀ níwájú Màmá kí wọ́n kà á. Ogójì awakọ̀ ló gba agolo, láti ọ̀dọ̀ wọn sì ni wọ́n ti ń jẹ́ Ìyá Aláago. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-mí, fẹ́ràn Màmá débi pé ó bu òkúta kún agolo rẹ̀ dé ẹnu kí inú wọn lè dùn. Màmá kà á tán, wákàtí méjìléláàádọ́fà, fún ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Wọ́n ní kí ó lọ da òkúta ìjọba padà sójú títì.

Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀, ó hàn pé bí ọkọ̀ bá lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́nà, ọjọ́ méjì ni kì í rìn. Oúnjẹ awakọ̀ wà nínú ọjọ́ méjì náà. Ẹrù tó bàjẹ́ wà níbẹ̀. Ìrìn àjò tí ọkọ̀ ì bá tún lọ wà níbẹ̀, àti ọjà tí oníṣọ́ọ̀bù ìlú òkè ní láti kó pamọ́ nítorí kò mọ ọjọ́ tí òmíràn máa dé. Màmá fi àyè kan kún tábìlì ìṣirò tí wọ́n ń to ìnáwó sí, wọ́n kọ "Ìdúró" sí orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rò ó pọ̀, tiwa kì í ṣe mẹ́rìnlá mọ́. Mẹ́rìnlélógún ni. A kúrò ní ipò kẹta nínú mẹ́sàn-án, a bọ́ sí ipò kẹjọ.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 1986, níwájú òṣìṣẹ́ méje, ọ̀gá náà mú rúlà àti báírò pupa, ó fa ìlà sí àyè Ìdúró láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ìdúró kì í ṣe ìnáwó, Ìyáàfin. Ẹni tó dúró, kí ló ná?" Màmá dáhùn pé, "Sà, ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín dúró dè yín lẹ́nu géètì fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹ wá bi wọ́n bóyá kò ná wọn ní nǹkan kan." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ọ̀gá ò dárí jì wọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti gbé tábìlì Màmá lọ sí yàrá ìkó-fáìlì-sí nísàlẹ̀, níbi tí gílóòbù kan ṣoṣo wà tí eku sì pọ̀ ju fáìlì lọ. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n lò níbẹ̀.

Ẹ fojú inú wò ó, ẹ̀yin èèyàn. Obìnrin tó mọ iye tí ọ̀nà ń gbà lápò gbogbo ará ìlú, òun ni wọ́n ní kó máa gbọn eruku lára fáìlì. Tábìlì ìṣirò náà jáde lórí bébà tó ń dán, orúkọ ọ̀gá ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ipò kẹta nínú mẹ́sàn-án. Ohun tó burú jù ni ohun tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan ti ń gbèrò láti kọ́ géètì kejì sí èbúté, kí ìlà lè dín kù. Nígbà tí wọ́n rí tábìlì, wọ́n ní kí la tún ń wá? Ẹni tó wà nípò kẹta, kí ló ń dùn ún? Wọn ò kọ́ géètì náà. Géètì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ fi géètì yìí sọ́kàn, a ó tún padà bá a.

Ní ti ìgbàgbọ́, ọmọ ìjọ tòótọ́ ni Màmá, ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Wọn kì í pẹ́ dé, wọn kì í sì jẹ́ kí ẹlòmíràn pẹ́ dé ní àlàáfíà. Pásítọ̀ wa àtijọ́ sọ fún wa pé àwọn máa ń bẹ̀rù àga kejì lápá òsì, nítorí bí ìwàásù bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì, Màmá á gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á wo aago wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí Pásítọ̀ bi wọ́n pé ṣé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń sú wọn ni, wọ́n ní, "Rárá o, sà. Ọlọ́run ò yára, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kéèyàn tò lásán."

Ní ti iṣẹ́ ìlú, lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2003, ojú ọ̀nà ni wọ́n padà sí. Wọ́n lọ bẹ ẹgbẹ́ awakọ̀, wọ́n bẹ àwọn olówó ọkọ̀, wọ́n bú àwọn tó kọ̀, títí wọ́n fi kọ́ òrùlé àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n níwájú ilé tí wọ́n bí wọn sí. Abẹ́ òrùlé yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ ní ìwé kíkà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Wọn ò wá akẹ́kọ̀ọ́ tì. Àwọn tó wà níbẹ̀, ibo ni wọ́n fẹ́ lọ?

Ní ọdún 2021 ni kíndìnrín Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu. Oògùn kan wà tó ń mú un rọ̀, tó jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ó tán ní ilé ìwòsàn, ó tán níbi gbogbo tí a wá a dé. Ẹni tó ń tọ́jú oògùn nílé ìwòsàn fọkàn wa balẹ̀. Ó ní òmíràn ti wà lójú omi. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló fi wà lórí òkun. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá, ó pè wá tayọ̀tayọ̀ pé, "Ó ti gúnlẹ̀!" Láti èbúté sí ilé ìwòsàn, wákàtí mẹ́rin ni fún ọkọ̀ tó bá ń rìn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e ṣì tò sẹ́yìn géètì kan ṣoṣo yẹn.

Màmá ní kí a gbé agolo kan wá fún àwọn. Wọ́n gbé e sórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi. Àbúrò wa obìnrin ṣa òkúta wá láti ọgbà ilé ìwòsàn. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, Màmá á béèrè pé, "Ṣé ó ti jáde?" A ó ní kò tíì jáde. Wọ́n á ju òkúta kan sínú agolo. Nígbà tó yá, ọwọ́ wọn ò gbé e mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jù ú, wọ́n sì máa ń tẹ́tí kí wọ́n lè gbọ́ ọ kó dún. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, a ju òkúta kọkàndínlógún. Wọn ò béèrè ti ogún. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn ikú wọn ni oògùn náà dé.

A lọ béèrè ìwé ọkọ̀ náà ní èbúté, nítorí ọmọ Ìyá Aláago ni wá. Wọ́n fún wa. Ó wà níhìn-ín, a ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé Jẹ́jẹ́ ní ojú ewé tó kẹ́yìn. Òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀ dáadáa. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ọkọ̀ tó gbé oògùn màmá wa lo wákàtí méjì ààbọ̀ ní èbúté. Wákàtí méjì ààbọ̀! Ọjọ́ mọ́kàndínlógún tó pa wọ́n kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá tó fa ìlà pupa ṣì wà láyé. Ó ti dàgbà, ó ti gba oyè orí oyè, ó sì kọ lẹ́tà ránṣẹ́ pé kí a kà á síta lónìí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Màmá "kó ipa tó jọjú nínú ipò gíga tí orílẹ̀-èdè wa dé nínú ọ̀rọ̀ ìkẹ́rù." A ò ní kà á. Bí ó bá jókòó láàrin yín, a kí i káàbọ̀, kí ó jẹun, kí ó mu. Ṣùgbọ́n agolo wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, òkúta mọ́kàndínlógún wà nínú rẹ̀. Ó béèrè lọ́dún náà lọ́hùn-ún pé ẹni tó dúró, kí ló ná. Kí ó jọ̀ọ́, kí ó kà á fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Màmá gbà tó ọdún mẹ́tàdínlógójì, nítorí pé ọ̀nà wa ni òtítọ́ náà gbà.

A ò ní sin agolo náà mọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ wọn àtijọ́ la máa gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìwé méjèèjì. A ó sì béèrè ohun kan ṣoṣo: kí wọ́n dá àyè Ìdúró padà sínú tábìlì ìṣirò. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin fa ìlà sí gbólóhùn yìí náà. Lánàá, ó padà wá, ó jókòó ti agolo yẹn fún ìgbà pípẹ́, ó da òkúta rẹ̀ sílẹ̀, ó kà á, ó kó o padà. Ó wá ní òun á bá wa lọ, òun ló máa gbé agolo.

Màmá fi ọmọ mẹ́rin sáyé lọ: ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ tó kọ ìwé yìí, ẹ̀gbọ́n àbíkẹ́yìn tó gba ṣọ́ọ̀bù atúnagoṣe lọ́wọ́ Bàbá, àti àbíkẹ́yìn wa obìnrin, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù bíi Jẹ́jẹ́ tó sì ń sáré ju Jẹ́jẹ́ lọ. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀, ọmọ ọmọ-ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, àbúrò méjì, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ, àti àwọn awakọ̀ tí a ò lè kà tán.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ọjọ́ Ajé tó kọjá la gbé òkú wọn kúrò nílé ìwòsàn wá sí ìlú tí wọ́n bí wọn sí. Àbíkẹ́yìn wa ló wa ọkọ̀, èmi olùkọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, mo gbé agolo òfìfo kan sórí itan mi, mo di òkúta mú lọ́wọ́, nítorí mo mọ ọ̀nà. Nígbà tí a dé ibi ìwọ̀n, ìlà ọkọ̀ ẹrù ti gùn kọjá ibi tí ojú lè rí. Mo ti fẹ́ ju òkúta àkọ́kọ́. Ni awakọ̀ arúgbó kan bá sọ̀ kalẹ̀ níwájú, ó wo pósí, ó pariwo pé, "Ìyá Aláago ni! Ẹ yà o! Ẹ yà fún Ìyá Aláago!" Wọ́n ń tan iná ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ́n ń yà bọ́ sínú koríko, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ọ̀nà fi là gbalaja níwájú wa. A kọjá níwájú ilé tí wọ́n bí wọn sí, a gun orí irin ìwọ̀n, a sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí a dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún 1948. Agolo tó wà lórí itan mi ṣófo nígbà tí a délé.

Ṣé ó di ìgbà tí ènìyàn bá kú kí ọ̀nà tó là fún un ni? Ẹ bá wa béèrè.

Màmá wa, Ìyá Aláago, ẹ ti tò tó. Kí géètì tó kù níwájú yín ṣí kí ẹ tó kàn án. Kí ẹnikẹ́ni má dá yín dúró lọ́nà mọ́. Ẹ sùn re o.